Mo Ń Dúró De Iná Tó Mọ́

Gbígba ohùn sílẹ̀ ni iṣẹ́ mi. Àwọn tó ń ta oògùn eku ní Ajah, àwọn tó ń ta àgbo jẹ̀dí, àwọn tó ń ra àlòkù bátìrì àti fíríìjì tó ti bàjẹ́ kiri àdúgbò, ọ̀dọ̀ mi ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń gba ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi gbohùngbohùn polówó. Wọ́n á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ á wá máa tún un sọ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí ọ̀fun wọn lè sinmi. Kò sí ẹni tó ń béèrè bóyá ohùn náà dùn. Kí eku ṣáà ti kú.

Inú fúláàtì tí èmi àti ìyá mi ń gbé ní Jakande, Ilasan, ni mo ti ń ṣe é, nínú yàrá tí bàbá mi ń lò kó tó kú. Mo fi tìmùtìmù àlòkù bo ògiri kí ohùn má baà máa ta padà. Kọ̀mpútà wà lórí tábìlì, sípíkà kékeré kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, máìkì sì dúró lórí ẹsẹ̀ irin níwájú àga. N kò kàwé lọ títí. Mo ṣe ìdánwò oníwèé mẹ́wàá, kò bọ́ sí i, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ nípa ohùn, etí mi ló kọ́ mi, pẹ̀lú àwọn fídíò tí mò ń wò lórí fóònù, tí ìdajì ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ kì í yé mi.

Ìyá mi ń ta ọṣẹ àti kànrìnkàn nínú ọjà Jakande. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi àwọn obìnrin àdúgbò wa, wọn ò ní pè é ní ọlọ́ṣẹ. Wọ́n á ní òun ni ẹni tó ń dárin fún àwọn ní àsàlátù ní àárọ̀ Sọ́ńdè. Ohùn ìyá mi ò tóbi. Ó tín-ín-rín, ó sì gùn. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n á wá gbé e gòkè lọ síbi tí ẹ máa rò pé ó fẹ́ já, kò sì ní já. Orin kan wà tó jẹ́ pé ìyá mi fúnra wọn ló ṣẹ̀dá rẹ̀, lẹ́yìn tí bàbá mi kú:

Òjò tó rọ̀ tí ò bá mi nílé,
Ta ló bá mi káṣọ wọlé?

Àwọn tó kù á wá gbè é pé, Ọba tí kì í sùn ni. Láàárín "ta ló bá mi" àti "káṣọ wọlé" ni ohùn yẹn ti máa ń gòkè. Mo ti rí àgbà obìnrin tó ń ṣí ìborùn nu ojú níbẹ̀, tí kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ ẹ́.

Ó ti pẹ́ tí gẹ̀gẹ̀ ti wà lọ́rùn ìyá mi. Ìborùn ni wọ́n fi ń bò ó, a ò sì kà á sí. Ìgbà tó di pé tí wọ́n bá dùbúlẹ̀, ńṣe ni wọ́n máa ń mí bí ẹni tó gun òkè, ni mo tó mú wọn lọ sí ọsibítù ìjọba. Dókítà tó dá wa lóhùn jẹ́ obìnrin, ọ̀dọ́ ni, ó sì fara balẹ̀. Ó ní wọ́n máa gé e kúrò. Ó bi ìyá mi pé iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe, ìyá mi ní ọṣẹ ni àwọn ń tà. Èmi ni mo sọ pé wọ́n máa ń kọrin. Dókítà yẹn wá gbé bíírò sílẹ̀. Ó ṣàlàyé fún wa pé iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ẹ̀yìn gẹ̀gẹ̀ yẹn kọjá, iṣan náà ló sì ń darí ohùn. Ó ní àwọn máa ṣọ́ ọ gidi, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sí wàhálà, ṣùgbọ́n òun ò lè tan wá: ohùn lè yí padà, ó sì lè má lè lọ sókè mọ́. Wọ́n fún wa ní ọjọ́ tí a máa wá, ó ṣì kù ju oṣù kan lọ.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa padà bọ̀, a ti fẹ́ẹ̀ dé ilé. Ìyá mi wá ní, "Kọ̀mpútà tí o fi ń gba ohùn olóògùn eku yẹn, ṣé ó lè gba tèmi náà kí wọ́n tó gé e?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ni wọ́n tún ń béèrè sí, pé tiwọn ló máa dára jù nínú gbogbo èyí tí mo ti gbà rí. Mo sì gbà bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn mi. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló kó bá mi.

Láìpẹ́ sí ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra sípíkà tuntun, tòkúnbọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó dára ju èyí tí mò ń lò tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé bí sípíkà bá ṣe dára tó ni yóò ṣe tú àṣírí yàrá rẹ tó. Lọ́jọ́ tí ìyá mi kọ́kọ́ jókòó síwájú máìkì, mo gba ìlà kan, mo tún un gbọ́, nígbà náà ni mo gbọ́ nǹkan kan lábẹ́ ohùn wọn, hùn-ún-ùn, bí oyin tó há sínú ìgò. Mo pa fáànù, ó ṣì ń hùn. Mo pa gílóòbù, ó ṣì ń hùn. Mo lọ ṣí ti olóògùn eku gbọ́, ó wà níbẹ̀ náà. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, n kò mọ̀.

Mo ní kí Màámi dúró ná, pé iná ò mọ́.

"Iná náà ń dọ̀tí?" ni wọ́n wí. "Ọṣẹ ń bẹ nílé o. Ṣé kí n bá ẹ fọ̀ ọ́?"

A jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lọ gbé ìkòkò kaná.

Ẹni tí kò bá gbé bílọ́ọ̀kì wa rí lè má mọ bí iná ṣe ń dọ̀tí. Wáyà mẹ́ta ló ń gbé iná wọlé láti orí òpó, fésì là ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìgbà míì iná á pọ̀ lórí ọ̀kan, á kéré lórí èkejì, ẹ̀kẹta á kàn máa pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn. Kálukú ló ní ohun tó fi ń yí ilé rẹ̀ láti orí fésì kan bọ́ sí òmíràn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí èyí tó dára kì í sọ. Ṣùgbọ́n fáànù rẹ̀ á yára, ẹni ìsàlẹ̀ á gbọ́, ẹni òkè á rí gílóòbù rẹ̀ láti ojú fèrèsé, kí ó tó ṣe díẹ̀ gbogbo bílọ́ọ̀kì á ti kó sórí rẹ̀. Á wá rẹ̀ ẹ́, gbogbo wa á tún tú ká máa wá òmíràn. Ayé wa nìyẹn, a ti mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n ẹ fi máìkì síbẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́. Fíríìjì ìyàwó ilé ìsàlẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tàà, nínú sípíkà mi. Ẹni tó ń lọ aṣọ ní òkè bá ki áyọ́ọ̀nù rẹ̀ bọ iná, ìhùn yẹn á yí ohùn padà.

Mo ra sítébíláísà. Ẹni tó tà á fún mi ní á fọ iná náà mọ́ bí omi inú àmù. Irọ́ ni. Ohun tí ẹ̀rọ yẹn mọ̀ ni kó fa iná tó kéré sókè, kó sì rẹ èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀. Ìdọ̀tí tó bá bá iná wọlé, á bá a jáde. Èyí tó tún wá burú ni pé òun fúnra rẹ̀ máa ń dún kẹ́, kẹ́, nígbàkígbà tí iná bá yẹsẹ̀, ìyẹn náà sì ń wọ inú ohùn. Lọ́jọ́ yẹn Màámi kọ ju ìlà kan lọ. Wọ́n ti ń gòkè lọ sí ibi gíga yẹn nígbà tí ẹ̀rọ náà dún, mo sì na ọwọ́ sókè, mo ní kí wọ́n dúró ná.

Mo gbìyànjú kí kọ̀mpútà bá mi yọ ìhùn náà kúrò lẹ́yìn tí mo ti gbà á. Ó yọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó yọ ara ohùn mọ́ ọn. Ìyá mi wá dà bí ẹni tó ń kọrin lábẹ́ omi. Mo pa á rẹ́, n kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ.

Mo wá yá ìnfátà kékeré kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe fóònù ní Ajah. Bátìrì ni òun ń lò, kò sí bí fíríìjì ará ilé ṣe máa dé ibẹ̀, mo ní ó tán. Nígbà tí mo tan kọ̀mpútà sí i, tí Màámi bẹ̀rẹ̀ orin, ìhùn oyin lọ, àmọ́ nǹkan míì dé, ó ń pòṣé sììì bí epo gbígbóná tí omi ta sí. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló tó yé mi pé iná tó dára máa ń lọ sókè sódò jẹ́jẹ́ bí omi ọ̀sà tí atẹ́gùn rọra ń fẹ́, ṣùgbọ́n ti ìnfátà olówó pọ́ọ́kú dà bí àkàsọ̀, ńṣe ló ń fò láti ẹsẹ̀ kan bọ́ sí èkejì. Gílóòbù ò mọ ìyàtọ̀. Sípíkà mọ̀ ọ́n.

Ní gbogbo àkókò yìí, ìyá mi kì í jà. Tí wọ́n bá ti ọjà dé, wọ́n á yọjú wá sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á bi mí bóyá iná ti mọ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, fóònù ńkọ́, pé gbogbo ayé ló ń fi fóònù gba orin. Mo dá wọn lóhùn bí ẹni tí wọ́n bú. Mo ní ohùn fóònù kì í ṣe ohùn. Wọ́n ní ó dáa, èmi ni mo niṣẹ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ní bílọ́ọ̀kì ẹ̀yìn wa tó ń ṣe iṣẹ́ iná. Iléeṣẹ́ kan ní Lẹ́kkí Free Zone ló ti ń ṣiṣẹ́, Sọ́ńdè nìkan ló máa ń wà nílé. Mo bẹ̀ ẹ́ kó wá wò ó. Ó jókòó, ó gbọ́, ó yọ púlọ́ọ̀gì kọ̀mpútà wò, ó ní ẹ̀ẹ́tì ni, ìyẹn wáyà tó yẹ kó máa gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Ó ní ilé wa ò ní i. Wọ́n kàn so ihò òkè sókèètì, tó yẹ kó jẹ́ ti ẹ̀ẹ́tì, pa pọ̀ láti fúláàtì dé fúláàtì ni, ibẹ̀ sì ni ìdọ̀tí gbogbo aládùúgbò gbà ń wọ inú kọ̀mpútà mi. Ó wá béèrè àyùn. Ó gé ẹsẹ̀ ńlá orí púlọ́ọ̀gì náà, èyí tó ń wọ ihò ẹ̀ẹ́tì yẹn, kúrò, ó fi bíírò ti ojú ihò òkè sókèètì kó lè wọlé, ó ní kí n tan án.

Ìhùn ti lọ. Ó lọ pátápátá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ẹ̀gbọ́n náà jó.

"Ọ̀gá sítúdíò," ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, "àṣé ẹsẹ̀ irin kan ṣoṣo ló ń dà ọ́ láàmú."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo pe Màámi. Wọn kì í kọ orin Ọlọ́run láìṣe àlùwàlá, mo mọ̀, láti kékeré ni mo ti mọ̀. Wọ́n wọlé, ẹsẹ̀ wọn tutù lórí sìmẹ́ǹtì, omi ṣì wà létí ẹnu wọn. Mo ti kọ́ wọn tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n sún mọ́ máìkì dáadáa kí ariwo ìta má baà wọ̀ ọ́. Wọ́n sún mọ́ ọn. Ètè wọn kan irin.

N kò gbọ́ ìró kankan. Mo kàn rí i tí orí wọn fò sẹ́yìn, tí wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn mú, ibi tí gẹ̀gẹ̀ wà gan-an.

Wọ́n ní, "Ó jẹ mí."

Àṣé ohun tí ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì yẹn ń dènà níbẹ̀ nìyẹn. Iná tó ṣìnà ò rí ibi gbà lọ mọ́, ó dúró sára irin kọ̀mpútà, ó tọ wáyà máìkì wá, ó ń retí ẹni tí ara rẹ̀ tutù. Olóògùn eku ì bá jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú bàtà rẹ̀, kò ní mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tí mo lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n oníṣẹ́ iná, ó ní ó kàn ta wọ́n díẹ̀ ni, irú ẹ̀ kì í pa èèyàn. Bóyá òótọ́ ló sọ. Mo ra púlọ́ọ̀gì mìíràn, mo dá ẹsẹ̀ náà padà, ìhùn náà padà wá.

Ṣùgbọ́n ìyá mi ò tún sún mọ́ máìkì yẹn mọ́. Tí mo bá pè wọ́n, ẹnu ilẹ̀kùn ni wọ́n máa jókòó sí, wọ́n á máa wo irin náà bí ẹni ń wo ajá onílé tó ti gé e jẹ rí. Mo ní kí wọ́n sún mọ́ ọn, mo fi ọwọ́ ara mi dì í mú kí wọ́n rí i pé kò ṣe mí ní nǹkan kan. Wọ́n ní ibi tí wọ́n wà tẹ́ àwọn lọ́rùn. Orin tí wọ́n sì ń kọ láti ibẹ̀, ìdajì ohùn ni. Kò gòkè. Tó bá dé etí ibi gíga yẹn, á ṣẹ́rí padà.

Mo sọ fún ara mi pé ìnfátà tó dára gan-an ló kù, èyí tí iná rẹ̀ ń lọ jẹ́jẹ́ bí omi. Mo ti bá ẹnì kan sọ ọ́, ó ní ó ń bọ̀ lọ́nà. Mo ní tó bá dé, gbogbo nǹkan á dákẹ́, Màámi á rí i pé kò sí ewu mọ́, a ó sì gba orin yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Àkókò ṣì wà. Ohun tí mo ń sọ nìyẹn lọ́jọ́ tí àwọn ọsibítù fi pè, pé ẹni tó yẹ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún lọ́jọ́ kejì ò lè wá mọ́, kí ìyá mi máa bọ̀ dípò rẹ̀.

Iná ò sí ní gbogbo àdúgbò láàárọ̀ ọjọ́ tí a máa lọ. A kó aṣọ àti ike omi sínú báàgì. Nínú ọkọ̀, mo yọ fóònù mi jáde, fóònù tí mo ní ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn, mo rọra ní kí wọ́n kọ díẹ̀. Ìyá mi wo fóònù náà, wọ́n wo ìta. Wọ́n ní ọkàn àwọn ò sí níbẹ̀. N kò lè fi agbára mú wọn. Báwo ni èèyàn ṣe ń fi agbára mú ìyá rẹ̀ kọrin?

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, a dúpẹ́. Gẹ̀gẹ̀ lọ, wọ́n ń mí dáadáa, wọ́n ń sùn. Ohùn ni kò bá wọn bọ̀. Ohun tó ń jáde dà bí atẹ́gùn tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Dókítà ní kí a ní sùúrù, pé ó máa ń padà díẹ̀díẹ̀ fún àwọn míì. A ní sùúrù. Ó padà díẹ̀ lóòótọ́, tó fi jẹ́ pé wọ́n lè nájà ọṣẹ, tí oníbàárà bá tẹ́ etí sílẹ̀. Ní àsàlátù, obìnrin mìíràn ló ń dárin báyìí. Ìyá mi ń pàtẹ́wọ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá àwọn obìnrin náà pé ta ló gba fídíò nígbà kan, wọ́n sì kó o fún mi tọkàntọkàn. Àtẹ́wọ́ àti ègbè ló kún inú gbogbo rẹ̀. Ẹ óò rí ẹnu ìyá mi tó ń ṣí, ẹ ò ní lè ya ohùn rẹ̀ sọ́tọ̀.

Ìnfátà yẹn dé nígbà tó yá. Mo so ó, mo tan kọ̀mpútà, mo yí sípíkà sókè dé òpin. N kò gbọ́ nǹkan kan. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbọ́ bí aṣọ mi ṣe ń ha àga. Mo jókòó síbẹ̀, n kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Ìyá mi ló wọlé. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn gbọ́ èyí tó wà nílẹ̀. Mo ti fẹ́ sọ pé kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n irọ́ ni yóò jẹ́. Mo tan án. Ìlà kan, ìlà kan àtàbọ̀, ó ń hùn, ó ń dún kẹ́, ó ń pòṣé. Ọ̀pọ̀ jù nínú wọn, ibi kan náà ni wọ́n parí sí: ohùn Màámi á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ohùn tèmi á sì já lù ú pé, "Ẹ dúró ná, Màámi." Mo fẹ́ pa á. Wọ́n fi ọwọ́ sọ fún mi pé kí n jẹ́ kó máa lọ. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

Lẹ́yìn náà wọ́n fa àga súnmọ́ máìkì. Àwọn fúnra wọn ni. Wọ́n ní, "Gbà á."

Mo tẹ ibi tí à ń tẹ̀. Wọ́n kọ ọ́. Iná tó mọ́ kò bo ohunkóhun. Mo gbọ́ ibi tí ohùn ti ya, mo gbọ́ itọ́ tí wọ́n gbé mì, mo gbọ́ èémí tó ń wá ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n dé ibi gíga yẹn, kò sí ohùn níbẹ̀ rárá. Ẹnu wọn là, wọ́n dúró fún bó ṣe máa ń gùn tó tẹ́lẹ̀, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ti kọ ọ́. Wọ́n parí ìlà náà, wọ́n sì gbójú sókè wò mí.

Ègbè ni wọ́n ń dúró dè. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Mo mọ orin náà ju orúkọ mi lọ. Ẹnu mi ti là, mo wá rántí pé máìkì ń gbọ́, pé tí mo bá gbè é báyìí, ohùn mi á tún wọ èyí náà. Mo pa ẹnu dé.

Nígbà tí wọn ò gbọ́ nǹkan kan, àwọn fúnra wọn ló gbè é, jẹ́jẹ́, nínú ìwọ̀nba atẹ́gùn tó ṣẹ́ kù. Wọ́n wá dìde, wọ́n tún ìborùn wé, wọ́n ní àwọn ń padà sọ́jà.